ORÍ KEJE: BÍ A ṢE Ń FI KATAKANA KỌ ORÚKỌ ÀJÈJÌ

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, wọ́n sì tún sọ pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí gbọ́ kò ní ṣàì gbà pé iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa nínú orí yìí, èyí tí í ṣe kíkọ orúkọ ẹni tí kì í ṣe ọmọ Jàpáànì lọ́nà tí ọmọ Jàpáànì yóò fi lè kà á, tí olórúkọ náà yóò sì fi lè dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè é, jẹ́ iṣẹ́ tí ó yẹ kí a fi ìfarabalẹ̀ àti ọ̀wọ̀ ṣe. Nínú àwọn orí tí ó ti kọjá, ẹ ti kọ́ hiragana, ẹ sì ti mọ díẹ̀ nínú kanji. Katakana ni ó kàn. Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin, nítorí òun ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́: etí ni a fi ń kọ orúkọ àjèjì ní katakana, a kì í fi ojú kọ ọ́. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu olórúkọ ni a ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà tí a bá nínú ìwé.

Ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́ta ni àwọn ará Jàpáànì ń lò pọ̀ nínú gbólóhùn kan náà. Kanji, tí wọ́n gbà láti ilẹ̀ Ṣáínà, ni wọ́n fi ń kọ ìdí ọ̀rọ̀. Hiragana, tí ó rọ̀, tí ó sì ń yí kọ́ńdú, ni wọ́n fi ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Katakana, tí ó gún, tí igun rẹ̀ sì mú, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àyálò àti fún orúkọ ènìyàn àti ìlú òkèèrè, àyàfi ti àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n sábà máa ń fi kanji kọ. Inú ilé ẹ̀sìn àwọn ọmọlẹ́yìn Búdà ni a ti bí katakana, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Bí àwọn àlùfáà náà ti ń ka ìwé mímọ́ tí a fi èdè Ṣáínà kọ, wọ́n ń fẹ́ àmì kéékèèké tí wọ́n lè tètè kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, tí yóò máa rán wọn létí bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé àyè kò tó, tí ẹnu olùkọ́ kò sì dúró de ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gé apá kan lára àmì Ṣáínà, wọ́n sì jẹ́ kí apá náà dúró fún odindi. Apá òsì 加 ni ó di カ, tí a ń pè ní ka. Apá òsì 伊 ni ó di イ, tí a ń pè ní i. Orí 宇 ni ó di ウ, tí a ń pè ní u. Ó pẹ́ gan-an tí ohùn kan fi ní àmì tí ó ju ẹyọ kan lọ, títí di ọdún 1900, nígbà tí ìjọba fi òfin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yan àmì kan ṣoṣo fún ohùn kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni katakana gba iṣẹ́ orúkọ àjèjì. Ní 1543 ni àwọn Potogí kọ́kọ́ dé erékùṣù Tanegashima. Ní 1549 ni Francis Xavier, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, gúnlẹ̀ sí Kagoshima. Láti ìgbà náà ni orúkọ òyìnbó ti ń kan etí àwọn ará Jàpáànì. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó ń fi kanji kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń wá àmì tí ohùn rẹ̀ jọ ti orúkọ, láìka ìtumọ̀ rẹ̀ sí. Kódà, nígbà tí ìwé Shakespeare dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́yìn náà, 沙翁 ni wọ́n pè é, Sa-oo, tí àmì àkọ́kọ́ dúró fún ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, tí èkejì sì ń sọ pé àgbà ọkùnrin tí a ń bọ̀wọ̀ fún ni. Ẹwà àti ìyẹ́sí wà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bá sọ fún kò lè mọ ẹni tí à ń pè.

Ẹni tí ó la ọ̀nà mìíràn ni Arai Hakuseki, ọ̀mọ̀wé tí ó ń gba ṣógùn, olórí ogun tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, nímọ̀ràn. Ní 1708, ní àkókò tí ìjọba ti ti ilẹ̀kùn ilẹ̀ náà mọ́ àwọn àlùfáà Kristẹni, Giovanni Battista Sidotti, àlùfáà ará Ítálì, sọ̀kalẹ̀ sí erékùṣù Yakushima. Wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Edo, ìlú tí a mọ̀ sí Tokyo lónìí. Hakuseki ni ó jókòó tì í ní 1709, tí ó bi í léèrè nípa àwọn ilẹ̀ òyìnbó, orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, ìlú dé ìlú. Nígbà tí ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Seiyō Kibun, katakana ni ó fi kọ orúkọ àwọn ènìyàn àti ti àwọn ìlú wọ̀nyí. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo èyí tí ó wà nínú orí yìí lọ, nítorí pé ẹni tí ó ń kọ orúkọ jókòó ní iwájú ẹni tí ó ni ín, ó sì gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Kò sí olùkọ́ katakana tí ó lè fi àpẹẹrẹ tí ó dára ju èyí lélẹ̀.

Àmì 46 ni ó wà nínú katakana, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dúró fún fáwẹ̀lì kan, tàbí fún kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ̀lì, yàtọ̀ sí ン nìkan, tí í ṣe n tí ó dá dúró. Níbí ni ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Èdè tiwa pẹ̀lú kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra láìsí fáwẹ̀lì láàárín. Àwa náà sì ní kọ́ńsónáǹtì àránmúpè tí ó ń dá ṣe sílébù, bí a ti gbọ́ ọ nínú ńlá. Nítorí náà ni àwa àti wọ́n ṣe ń hu ìwà kan náà sí ọ̀rọ̀ òyìnbó: ohun tí a ń pè ní bọ́ọ̀sì, àwọn ń pè é ní バス, basu, ohun tí a ń pè ní tábìlì, àwọn ń pè é ní テーブル, teeburu, gíláàsì wa ni グラス wọn, gurasu. Orúkọ àjèjì tí ó wọ inú katakana dà bí ìyàwó tí ó wọ ilé ọkọ: ó lè mú ẹrù rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n ìṣe ilé náà ni yóò kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Smith ṣe di スミス, Sumisu, tí Robert di ロバート, Robaato, tí George sì di ジョージ, Jooji. Bí ẹ bá wo àwọn wọ̀nyí dáadáa, ẹ ó rí i pé fáwẹ̀lì u ni wọ́n sábà máa ń fi kún kọ́ńsónáǹtì tí kò ní fáwẹ̀lì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn t àti d, o ni wọ́n ń fi sí i. Ìdí rẹ̀ kò ní pẹ́ hàn.

Àwọn àmì kan ń ran àwọn 46 lọ́wọ́. Ìlà kéékèèké méjì ní èjìká カ sọ ọ́ di ガ, ga. Lára ハ, ha, wọ́n sọ ọ́ di バ, ba. Òbìrìkìtì kékeré lára ハ kan náà sọ ọ́ di パ, pa. Ìlà gbọọrọ ー ń fa fáwẹ̀lì gùn. Bí a bá ń kọ̀wé láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, òun náà a dìde dúró. ッ kékeré ń dá ohùn dúró díẹ̀ kí kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e tó jáde, bí ó ti rí nínú デビッド, Debiddo, tí í ṣe David. Ẹ̀kán kékeré ・ ni a ń fi sí àárín orúkọ ẹni àti orúkọ ìdílé rẹ̀, àjèjì a sì máa fi orúkọ tirẹ̀ ṣáájú bí ó ti ń ṣe ní ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìdílé ni ọmọ Jàpáànì ń kọ́kọ́ pè.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbi tí ó ti le. Ọ̀wọ́ àwọn àmì kan kò tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá ń ka ọ̀wọ́ s, ohun tí ẹ ó pè ni sa, ṣi, su, se, so. Bí ẹ bá ń ka ọ̀wọ́ t, ta, tṣi, tsu, te, to ni. Ọ̀wọ́ d sì ni da, ji, zu, de, do. Kò sí ti, kò sí tu, kò sí di, kò sí du nínú àwọn 46 náà, bí ẹ tilẹ̀ fi ìlà méjì kún wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi o kún t àti d. Kí ni Títí àti Túndé yóò wá ṣe? Wọ́n mú àmì tí ó sún mọ́ ohùn náà, wọ́n sì kọ fáwẹ̀lì kékeré tì í: テ pẹ̀lú ィ kékeré di ティ, ti, ト pẹ̀lú ゥ kékeré di トゥ, tu. Nípa bẹ́ẹ̀, Títí ni ティティ, Túndé sì ni トゥンデ. Ọgbọ́n kan náà ni ó fún wa ní シェ, ṣe, フェ, fe, àti ウォ, wo, tí a fi lè kọ Ṣégun ní シェグン, Fẹ́mi ní フェミ, Táíwò ní タイウォ. Ní ọdún 1991, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ìjọba Jàpáànì gbé àtẹ méjì jáde lórí kíkọ ọ̀rọ̀ àyálò: シェ, ティ àti フェ wà nínú àtẹ kìíní, tí ó wà fún ìlò gbogbogbòò, トゥ àti ウォ wà nínú èkejì, fún ẹni tí ó bá fẹ́ sún mọ́ ohùn ìpilẹ̀ṣẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ìtọ́sọ́nà ni wọ́n pè é. Kò de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú bí yóò ti kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì bọ̀wọ̀ fún èyí tí àṣà ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Bí àṣà ṣe ń fi ìdí orúkọ múlẹ̀ hàn kedere nínú ìtàn James Curtis Hepburn, dókítà àti ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà, tí ó dé Jàpáànì ní 1859, tí ó sì tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Jàpáànì àti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1867. Àwọn tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ kọ ọ́ ní ヘボン, Hebon. Bí ẹ bá jẹ́ kí òyìnbó pe orúkọ náà láìfà á, ẹ ó gbọ́ pé p tí ó ṣáájú b fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún, àti pé fáwẹ̀lì ìgbẹ̀yìn kúrú, ó sì fẹ́ẹ́rẹ́. Etí àwọn ará ìgbà náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan Audrey Hepburn, òṣèré sinimá, ìwé ni wọ́n wò, ヘップバーン, Heppubaan, ni wọ́n sì kọ, tí gbogbo lẹ́tà rí ibi jókòó. Orúkọ kan náà ni, ènìyàn méjì, ọ̀nà méjì. Lónìí, bí ẹ bá pe dókítà náà ní Heppubaan, ọ̀pọ̀ kò ní mọ ẹni tí ẹ ń wí, nítorí pé Hebon ni wọ́n fi pe ọ̀nà tí ó fi ń kọ èdè wọn ní lẹ́tà òyìnbó títí di òní. Ní tèmi, Hebon ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n yóò wádìí àṣà kí ó tó tẹ̀ lé èrò ara rẹ̀.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ wádìí ni ẹnu ọ̀nà tí orúkọ náà gbà wọlé. Nàìjíríà gba ẹnu ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, ó di ナイジェリア, Naijeria. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà Faransé, ó di ベナン, Benan. Ṣùgbọ́n ìjọba àtijọ́ ti Ọba Ìbíní, tí òyìnbó ń fi lẹ́tà kan náà kọ, gba ẹnu ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ベニン, Benin. Ẹni tí ó bá fi ojú kọ orúkọ yóò da ìlú méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Hakeem Ọlájuwọ̀n, ọmọ Èkó tí ó di ìlú mọ̀ọ́ká nínú eré bọ́ọ̀lù aláwọ̀n ní Amẹ́ríkà, gba ẹnu àwọn ará Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Jàpáànì: アキーム・オラジュワン, Akiimu Orajuwan. Wọ̀n ti di wan lẹ́nu àwọn tí ó gbé e wá. H kò sì sí ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé Akeem ni ó ń kọ títí di 1991, àwọn ará Jàpáànì sì dúró lórí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Síbẹ̀, bí olórúkọ bá sọ̀rọ̀, a máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ilẹ̀ Georgia bẹ ìjọba Jàpáànì pé kí wọ́n yé fi èyí tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà wọlé, グルジア, Gurujia, pe òun. Ní 2015, ìjọba gbà, wọ́n sì yí i sí ジョージア, Joojia.

Nísinsìnyí, a dé orí orúkọ tiwa, èyí tí ó sún mọ́ ọkàn mi jù. Orúkọ onílẹ́tà rọrùn a máa wọlé láìjà: Adébáyọ̀ ni アデバヨ, oríkì bí Àṣàkẹ́ sì ni アシャケ, Àjọkẹ́ ni アジョケ, tí gbogbo sílébù pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n katakana kò ní àmì ohùn rárá, fáwẹ̀lì márùn-ún ni ó sì ní, níbi tí àwa ti ní méje tí a kò rán mú pè. E àti ẹ di ọ̀kan, o àti ọ di ọ̀kan. L àti r ń pín àmì kan lò. Nítorí náà, ọlá, ọ̀la àti ọlà, gbogbo wọn ni オラ. Ìrora ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó mọ ohun tí à ń pè lórúkọ, n kò sì ní sọ fún yín pé ó ní oògùn lórí ìwé. Oògùn rẹ̀ wà lẹ́nu, kí olórúkọ pe orúkọ rẹ̀ ketekete fún ẹni tí ó kọ ọ́, kí onítọ̀hún sì pè é tẹ̀ lé e. Fáwẹ̀lì àránmúpè a máa pín sí méjì: Kẹ́hìndé, tí í ṣe sílébù mẹ́ta lẹ́nu wa, di ケヒンデ, tí wọ́n ń ka ìlù mẹ́rin sí. Gb, tí a ń pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a máa di gu àti b: Gbénga ni グベンガ. Kò sí yi, kò sì sí wu. I àti u ni a ń fi dípò wọn, bí Adéwùmí ti di アデウミ.

Ẹ wo méjì nínú àwọn òǹkọ̀wé wa ńlá. Ìwé Amos Tutùọlá, nípa ọ̀mu ẹmu tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú, jáde ní èdè Jàpáànì ní 1970, orúkọ rẹ̀ sì di エイモス・チュツオーラ, Eimosu Tṣutsuoora. Amos gba ẹnu Gẹ̀ẹ́sì; tu àkọ́kọ́ di tṣu, tu kejì di tsu, nítorí pé トゥ kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ lónìí, トゥトゥオラ ni yóò sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá ìwé rẹ̀ ní ilé ìkówèésí Jàpáànì gbọ́dọ̀ fi ti àtijọ́ wá a. Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ni ウォーレ・ショインカ, Woore Ṣoinka. Ẹ kíyè sí ショ tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò fi àmì sábẹ́ s rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ojú kọ ọ́ ì bá kọ ソ, so. Ṣ náà kò lè ti inú ìwé wá. Etí ni ó gbà wọlé, ó sì bá a mu.

Díẹ̀ ni mo ní láti sọ lórí v, tí kò kan orúkọ Yorùbá. Fukuzawa Yukichi, ọ̀mọ̀wé ará Jàpáànì, fi ìlà méjì sára ウ nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ ní 1860, ó sì di ヴ, vu. Àwọn kan ń lò ó, àwọn kan ń fi b dípò rẹ̀. Ní 2019, ìjọba yọ ọ́ kúrò nínú orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè pátápátá, tí Cape Verde fi di カーボベルデ, Kaabo Berude.

Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín lórí àmì mẹ́rin yìí: シ, ツ, ソ àti ン. Fún シ (ṣi) àti ン (n), ìlà kékeré a máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìlà gígùn a sì máa ti ìsàlẹ̀ gòkè. Fún ツ (tsu) àti ソ (so), ìlà kékeré a máa nàró, ìlà gígùn a sì máa ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ṣìnà nínú シェウン, Ṣeun lè di Ṣeuso.

Nígbà tí ẹ bá ti yan bí ẹ ó ti kọ orúkọ yín, ẹ má ṣe yí i padà mọ́. Katakana ni ilé ìfowópamọ́ ní Jàpáànì fi ń kọ orúkọ ẹni tí ó ni àkáǹtì. Ẹni tí ó jẹ́ タイウォ níbi iṣẹ́, tí ó sì jẹ́ タイオ ní báńkì, ènìyàn méjì ni ìwé yóò kà á sí. Bí orúkọ náà bá sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó kọ ọ́, kódà bí ó bá dá yín lójú pé ẹ mọ̀ ọ́n.

IṢẸ́ ṢÍṢE. Ẹ pín Títílayọ̀, Fọláṣadé, Dúró, Adékúnlé àti Gbóyèga sí sílébù, kí ẹ sì kọ wọ́n ní katakana. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ohun tí ó sọnù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yálà ohùn ni, tàbí fáwẹ̀lì, tàbí kọ́ńsónáǹtì. Ẹ wá ẹnìkan tí ẹ kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ rí, kí ẹ ní kí ó pè é fún yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìfi ìwé hàn yín, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ gbọ́. Níkẹyìn, olú ìlú ilẹ̀ Faransé ní s ní ìparí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n パリ, Pari, ni àwọn ará Jàpáànì kọ: ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.